Gáàsì AC yìí tún ti “tán” o! Ẹ bá mi wá oníṣẹ́ tó lóòótọ́

Ìyá Ìbejì Bódìjà (Sátidé, 11:40 alẹ́)

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ooru ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

AC yàrá ìyá mi ni mò ń wí. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé ká má jẹ́ kí ooru máa mú wọn jù. AC split ni, ìyẹn èyí tí apá kan rẹ̀ wà nínú ilé, tí apá kejì wà níta, 1.5 HP, tuntun ni mo rà á ní 2021. Oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn lásán. Aládùúgbò kan júwe oníṣẹ́ fún mi. Ọmọkùnrin náà dé, kò tíì tú síkúrú ẹyọ kan, ó gbọ́wọ́ lé páìpù ìta, ó ní, “Mọ̀mí, gáàsì ti tán.” Mo san ₦35,000, AC tutù bí omi àmù. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó tún padà sẹ́sẹ̀ àárọ̀. Mo pè é. “Mọ̀mí, gáàsì ni.” ₦38,000. Ó tún di oṣù kìíní ọdún yìí, gáàsì náà ni, ₦40,000.

Lánàá wá ni nǹkan yíwọ́ pátápátá. Ti inú ilé ń fẹ́, ṣùgbọ́n ti ìta á kùn hùn-ùn-ùn, á sì dákẹ́. Á tún kùn, á tún dákẹ́. Ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ inú ti ìta tó ń ti gáàsì kiri, ti jóná, ₦180,000 ni, kí n jẹ́ kóun wá gbé ti ìta lọ sí ṣọ́ọ̀bù òun lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé gáàsì AC máa ń tán bíi gáàsì ìdáná ni? Ta ló sì mọ oníṣẹ́ gidi ní Ìbàdàn níbí?

Àyánwálé (Sọ́ńdè, 12:05 òru)

Ẹ̀gbọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohunkóhun, ẹ má jẹ́ kó gbé e kúrò nílé o! Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹnì kan gbé ti èmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù báyìí, ó ní ọjọ́ méjì, ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó gbé e dé, mo bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀. Síkúrú mẹ́rin ló wà níbẹ̀ kó tó lọ, méjì ló bá dé. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti dípẹtà lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ AC mi kò tíì pé ọdún méjì nígbà yẹn. Mo ní kó ṣàlàyé, ó ní bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn. Ìpẹtà láti ilé iṣẹ́!

Láti ìgbà náà, ojú mi ni wọ́n ti ń tú AC. Tó bá di dandan kó jáde, màá ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, màá tún fi ọ̀dà pupa ṣàmì síbi tí ojú kì í tètè dé.

Ọ̀gá Atutù Òṣogbo (Sọ́ńdè, 6:15 àárọ̀)

Mọ̀mí, ẹ kú ojúmọ́. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ AC. Òṣogbo ni mo wà, n kò lè wá sí Ìbàdàn, ẹ má rò pé iṣẹ́ ni mò ń wá.

Gáàsì AC kì í tán. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ jìbìtì iṣẹ́ wa dúró lé. Gáàsì ìdáná ń jó, ìdí nìyẹn tó fi ń tán. Ti AC kì í jó, ńṣe ló ń yí po nínú páìpù tí wọ́n dí pa, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí po lára èèyàn. Ó ń gbé ooru inú yàrá lọ dà síta, á sì padà wá gbé òmíràn. AC tí kò jò lè lo ọdún mẹ́wàá lórí gáàsì tí wọ́n fi sínú rẹ̀ nílé iṣẹ́. Tí dókítà bá ní ẹ̀jẹ̀ ti tán lára yín, ṣebí ibi tí egbò wà lẹ máa kọ́kọ́ béèrè? Ẹni tó rọ gáàsì sí AC kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́sàn-án tí kò wá ibi tó ń jò, agbọ̀n ló ń pọnmi sí. Ẹ̀yin lẹ sì ń san owó omi.

Wíwá ibi tó ń jò kò le. Gáàsì máa ń gbé òróró díẹ̀ kiri, nítorí náà ibi tó bá ti ń jò, òróró á yọ síbẹ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á dúdú, á sì máa yọ̀ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ibi tó wọ́pọ̀ jù ni ìdí nọ́ọ̀tì méjì tó so páìpù bàbà mọ́ ti ìta, àti ìdí irú rẹ̀ méjì lẹ́yìn ti inú ilé. Oníṣẹ́ á po ọṣẹ ìfọbọ́ mọ́ omi kó hó dáadáa, á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa á síbẹ̀. Tó bá ń jò, ìfófòó á máa wú.

Lẹ́yìn tó bá ti dí i, kò gbọdọ̀ kàn máa rọ gáàsì lé e lórí. Atẹ́gùn àti ọ̀rinrin ti wọ inú páìpù, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tí à ń pè ní vacuum pump fa gbogbo rẹ̀ jáde fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà náà ló kan òṣùwọ̀n. Bébà kan wà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti ìta, wọ́n kọ irú gáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù tàbí kílò síbẹ̀. R22 ni ọ̀pọ̀ AC àtijọ́ ń lò, R410A ni ti àwọn tó tẹ̀ lé e, R32 ni ọ̀pọ̀ àwọn tuntun tó ń wọlé báyìí. A kì í pò wọ́n. Agbára R410A ju ti R22 lọ fíìfíì: nígbà tí AC bá ń ṣiṣẹ́, géèjì tí a fi ń wọn agbára gáàsì á wà ní nǹkan bíi 60 sí 70 psi fún R22, ti R410A á wà ní 110 sí 130. R32 ní tirẹ̀ lè gbaná, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò gbọdọ̀ gbé iná ìjórin sún mọ́ ọn. Mo tilẹ̀ ti rí àwọn tó rọ gáàsì ìdáná sínú AC oníbàárà torí pé ó ń mú nǹkan tutù lóòótọ́. Bọ́ǹbù ni wọ́n gbé kọ́ ògiri onílé yẹn.

Mọ̀mí, ẹ dá mi lóhùn: kí ni wọ́n kọ sára bébà ẹ̀gbẹ́ AC yín? Àwọ̀ wo ni ìgò gáàsì tí ọmọkùnrin yẹn máa ń gbé wá? Ṣé ó fi mítà wọn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kó tó ní ó ti jóná? Èyí tó ń kùn tó ń dákẹ́ yẹn, kàpásítọ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn ohun kékeré tó ń ta kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jí kó lè dìde.

Sísí Sùúrùlérè (Sọ́ńdè, 8:02 àárọ̀)

Kàpásítọ̀! Ọ̀gá, Ọlọ́run á bù kún yín. Ohun tó ṣe mí gẹ́lẹ́ nìyẹn. AC pálọ̀ mi, 2 HP, wọ́n ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni, ₦260,000. Mo ti ń wá ibi tí mo ti máa yá owó. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan yà kí wa, ó ní kí n jẹ́ kóun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yọ ìdérí ẹ̀gbẹ́ ti ìta, ó fa nǹkan kan jáde tó dà bí agolo mílíìkì tín-ínrín, orí rẹ̀ ti wú sókè bí agolo tòmátò tó ti bàjẹ́. Ó lọ ra òmíràn. Tiṣẹ́ tirà, ₦7,500. AC dún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Mo jókòó sórí àga, mo kàn ń rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Mo ṣì gbé agolo òkú yẹn pamọ́ sínú dúróọ̀. Oníṣẹ́ AC yòówù tó bá wọ ilé mi, mo kọ́kọ́ máa ń gbé e sórí tábìlì níwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni màá béèrè pé kí ló ń ṣe AC.

Ọ̀gá Atutù Òṣogbo (Sọ́ńdè, 8:20 àárọ̀)

Ẹ̀rín yín pa mí o, Sísí. Ṣùgbọ́n mo bẹ gbogbo yín, ẹ má fọwọ́ kan kàpásítọ̀ fúnra yín. Iná máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ṣíwíìṣì. Ó ti gbé àwa tí a mọ iṣẹ́ yìí rí.

Bàbá Onílé Akóbọ̀ (Sọ́ńdè, 9:47 àárọ̀)

Èmi kò mọ̀wé iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, AC mi kò fẹ́ mọ́, yìnyín ń yọ lára páìpù rẹ̀. Oníṣẹ́ ní gáàsì ni. Ọmọ mi obìnrin ní kó dúró ná, ó ṣí ìdérí iwájú, ó fa fílítà jáde. Eruku ara rẹ̀ nípọn bíi rọ́ọ̀gì. Ó fi omi fọ̀ ọ́, ó sá a síbòòji, a pa AC náà títí yìnyín fi yọ́. Nígbà tó di alẹ́, èmi ni mo ń wá aṣọ ìbora. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì là ń fọ̀ ọ́ nígbà ọyẹ́.

Èyí tó tún wá burú jù, ìyàwó mi kò fẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Ọmọ-ọmọ wa tẹ rímóòtù ṣeré, AC ń fẹ́ kò tutù. A pe oníṣẹ́. Ó gba rímóòtù, ó ní kí n lọ wo ti ìta bóyá ó ń yí. Kí n tó dé ìta, ó ti ń yí. Ó gba ₦15,000 lọ́wọ́ mi, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọ yẹn tún tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú: àmì yìnyín ló yẹ kó wà lójú rímóòtù, kì í ṣe àmì fáànù.

Àwa tí a wà ní Band A, àwọn tó ń san owó iná tó ga jù, láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n ti fò wá gbé owó iná wa sókè, AC tó ń dún tí kò tutù ti di olè méjì. Ọ̀kan wà nínú mítà, ọ̀kan gbé àpò irinṣẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Onírinṣẹ́ (Sọ́ńdè, 1:30 ọ̀sán)

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀, mo ní kí n dákẹ́, inú ń bí mi. Oníṣẹ́ ni èmi náà. Ẹ kò tíì sọ apá tiyín.

Mo wọ ọkọ̀ láti Ìyànà Ìpájà lọ sí Ajah, mo fi wákàtí kan àbọ̀ wá ibi tí AC ti ń jò, mo rí i, mo tún un ṣe. Oníbàárà ní ₦5,000 lòun máa san, “ṣebí nọ́ọ̀tì lásán lo fún le.” Ẹni tó ti rọ gáàsì fún un lẹ́ẹ̀mejì láìwo nǹkan kan ti gba ₦80,000 lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún fún un ní kóòkì tútù. Kí lẹ rò pé èèyàn máa kọ́ nínú ìyẹn? Ẹ̀yin lẹ ń sanwó fún irọ́, tí ẹ ń ná òtítọ́ bí ẹní ń ná tẹ̀tẹ̀.

Ti iná náà ńkọ́? Tí iná bá wà ní 150 tó yẹ kó wà ní 230, tí ẹ bá fi dandan tan AC láìsí sítàbíláísà, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á máa fẹ́ dìde kò ní lè dìde, á máa gbóná títí á fi jóná. NEPA mú iná lọ, ó dá a padà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán kó sinmi! Tó bá jóná tán, oníṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn ló bà á jẹ́.

Ọ̀gá Atutù Òṣogbo (Sọ́ńdè, 2:10 ọ̀sán)

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, mi ò lè jà ọ́ níyàn. Ohun tó gbà mí nìyí: mo ya owó àyẹ̀wò sọ́tọ̀. Mo máa ń sọ ọ́ lórí fóònù kí n tó jáde nílé, bóyá wọ́n gbé iṣẹ́ fún mi, bóyá wọn kò gbé e fún mi. Ẹni tó ti gba owó àyẹ̀wò kò nílò láti parọ́ gáàsì kó tó rí owó ọkọ̀ padà sílé. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹni tó bá ní ọ̀fẹ́ lòun máa yẹ̀ ẹ́ wò, ibòmíràn ló ti máa gba owó yẹn.

Tí ẹ bá ń pe oníṣẹ́ tuntun, ẹ bi í pé, “Èló ni owó àyẹ̀wò yín? Ṣé ẹ máa gbé géèjì, òṣùwọ̀n àti vacuum wá?” Tó bá mọ iṣẹ́, kò ní bínú. Ẹni tó ti bu owó gáàsì fún yín lórí fóònù, tí kò tíì rí AC, ẹ kí i dáadáa kí ẹ pa fóònù.

Àdùkẹ́ ní Houston (Sọ́ńdè, 4:55 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni o. Ooru Texas kì í ṣe eré, AC sì ni gbogbo ilé gbára lé níbí, àwọn gbájúẹ̀ sì mọ̀. Ní ti òfin, ẹni tó ń gba iṣẹ́ AC ní Texas gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára ọkọ̀ tó gbé wá. Mo máa ń ka nọ́ńbà yẹn látojú fèrèsé, màá wò ó lórí ìkànnì TDLR, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ yẹn, kí n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá sì máa fọwọ́ kan gáàsì, ìjọba àpapọ̀ ní dandan ni kó ti yege ìdánwò EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká.

Síbẹ̀, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n ń dá báyìí. Láti January 2025, òfin ní kí wọ́n má ṣe AC ilé tuntun tó ń lo R410A mọ́. Ẹnì kan wá sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, ó ní gáàsì tó wà nínú tiwọn ti di èèwọ̀, wọn kò ní rí i rà mọ́, àfi kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá dọ́là. Irọ́ ni! AC tó ti wà nílé kò di èèwọ̀, wọ́n ṣì ń tún un ṣe, gáàsì rẹ̀ ṣì wà. A pe ẹlòmíràn. Kàpásítọ̀ ni, Sísí Sùúrùlérè. Kàpásítọ̀ náà ni.

Ọ̀gá Atutù Òṣogbo (Sọ́ńdè, 5:20 ìrọ̀lẹ́)

Wọ́n máa tó gbé ẹ̀dà ìyẹn dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú R22. Àdéhùn Montreal ti 1987, èyí tí ayé fi ń lé àwọn gáàsì tó ń ba ozone ojú ọ̀run jẹ́ kúrò nílẹ̀, ló mú un, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí di 2030. Ó ń wọ́n sí i, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ lọ gbé AC yín jù nù lónìí.

Ará Kútọnu (Sọ́ńdè, 7:13 alẹ́)

Kílíìmù ni àwa ń pè é níbí. Ẹ̀yin tí ẹ wà létí òkun, Lẹ́kí, Ajah, àti àwa náà, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ti ìta. Àwọn ewé alumíníọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ á máa rún bí bisikíìtì. Ẹ máa fi omi lásán ṣàn án lóòrèkóòrè, kó má jẹ́ omi tó le jù tó máa tẹ̀ wọ́n. Tí oníṣẹ́ bá ní ibẹ̀ ti jẹrà, ẹ lọ wò ó fúnra yín, ojú lásán máa ń rí i.

Bàríísítà Kékeré (Sọ́ńdè, 9:30 alẹ́)

Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, irú gáàsì, gíráàmù mélòó, àti ohun tó pààrọ̀. Ẹ̀yin ará Èkó, Small Claims Court wà láti 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ẹ lè gbé ẹjọ́ ara yín lọ láìgba lọ́yà. (Mo mọ̀ pé mò ń ba ọjà ara mi jẹ́.) Láìsí ìwé kankan lọ́wọ́, ẹ kò ní rí nǹkan kan gbé kalẹ̀ níwájú adájọ́.

Ìyá Ìbejì Bódìjà (Mọ́ńdè, 7:05 àárọ̀)

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ti ìta láàárọ̀ yìí. Wọ́n kọ R410A síbẹ̀, 950 g. Ọ̀gá, ìgò tó ń gbé wá, àwọ̀ ewé ni, ó rí wínníwínní, mo rántí torí ó jọ àwọ̀ aṣọ ilé ìwé àwọn ìbejì. Kò gbé òṣùwọ̀n wá rí. Mítà kẹ̀, mi ò rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn gbá ara ẹ̀rọ náà pàá-pàá bí ẹni ń dán ẹ̀gúsí bàrà wò.

Mo ti fi ránṣẹ́ sí i pé kó má wulẹ̀ wá lónìí.

Ọ̀gá Atutù Òṣogbo (Mọ́ńdè, 7:31 àárọ̀)

Yéè! Mọ̀mí, àwọ̀ ewé wínníwínní ni wọ́n sábà máa ń kun ìgò R22, ti R410A máa ń pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí òdòdó. Àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí, orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò lèèyàn ń kà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé gáàsì tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń bù lé e. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu òmíràn kún un. Ńṣe ni kí wọ́n fa gbogbo èyí tó wà nínú rẹ̀ jáde sínú ìgò, kí wọ́n fi vacuum gbẹ ẹ́, kí wọ́n wá wọn 950 g tuntun sí i.

Mo ní ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ kan ní Ìbàdàn. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ má tìtorí mi gbà á gbọ́, ẹ bi í ní gbogbo ìbéèrè tí a ti kọ síbí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi tẹmómítà wọn atẹ́gùn tó ń wọ AC látòkè, kí ẹ wọn èyí tó ń jáde nísàlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó yẹ kó fi bíi 8 sí 12 lọ sílẹ̀ lórí Celsius. Kí gbogbo ohun tó bá yọ sì wà nílé lọ́dọ̀ yín.

Ìyá Ìbejì Bódìjà (Ọjọ́bọ̀, 10:18 alẹ́)

Mo ti dé o! Ẹ jókòó.

Ọmọkùnrin náà wá lánàá, aago mẹ́wàá àárọ̀. ₦5,000 ni owó àyẹ̀wò, ó ti sọ ọ́ lórí fóònù. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó to irinṣẹ́ sí i. Kó tó ṣe nǹkan kan, ó wọn iná ilé: 205. Ó ní kò burú. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ ti ìta, ó fi nǹkan kan kan ẹnu kàpásítọ̀ kí iná inú rẹ̀ lè kú, ó fà á jáde. Sísí Sùúrùlérè, orí rẹ̀ wú! Ó fi mítà wọn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ó pè mí wá wo àwọn nọ́ńbà. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é.

Lẹ́yìn náà ló po ọṣẹ. Nọ́ọ̀tì méjì ti ìta, kò sí nǹkan kan. A wọ yàrá Màmá, ó gbé ti inú ilé sókè díẹ̀ kúrò lára ògiri, ó fi búrọ́ọ̀ṣì pa ọṣẹ sídìí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn. Ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó ń wú, ó ń bẹ́, bí ẹnu akàn. Àwọn tó so AC yẹn ní 2021 ti fún nọ́ọ̀tì náà jù, ó ti là bí irun orí. Láti ìgbà yẹn ni gáàsì ti ń rọra sá lọ, èmi sì ń sanwó fún un.

Ó gé ẹnu páìpù, ó ṣe é lọ́tun, ó fi nọ́ọ̀tì tuntun sí i. Ó ti fa gáàsì tó kù jáde, ó gbé vacuum sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, NEPA mú iná lọ! Mo rò pé ó máa ní ó ti tó. Ó ní rárá, a lọ yá jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó lo ogójì ìṣẹ́jú. Ó gbé ìgò sórí òṣùwọ̀n, ó dojú rẹ̀ dé, èmi ni mo ń ka nọ́ńbà fún un títí ó fi pé 950. Atẹ́gùn wọlé ní 31, ó jáde ní 20. Gbogbo owó náà, ₦68,500, pẹ̀lú àyẹ̀wò. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, kàpásítọ̀ òkú wà lórí tábìlì.

Ti àkọ́kọ́ yẹn pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní, “Mọ̀mí, kò dáa o, ẹ lọ gbé iṣẹ́ mi fún ẹlòmíràn.” Mo ní iṣẹ́ wo? Ó dákẹ́. Mo bi í pé irú gáàsì wo ló ń rọ sí i, ó ní “ojúlówó.” Mo pa fóònù.

Ọ̀gá, ìbéèrè kan ló kù. Màmá ti wọ súẹ́tà, wọ́n ti fi aṣọ òfì bo ẹsẹ̀, wọ́n ní ta ló ní ká gbé wọn lọ sí Jọs. Ibo ni kí n gbé e sí?

Ọ̀gá Atutù Òṣogbo (Ọjọ́bọ̀, 10:26 alẹ́)

Ẹ bá mi kí Màmá. 26 ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ yí ẹnu rẹ̀ sókè kó má fẹ́ sí wọn lára. Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ náà pé ẹ fún un ní àmàlà.

Ìyá Ìbejì Bódìjà (Ọjọ́bọ̀, 10:29 alẹ́)

Àmàlà àti ewédú. Ó jẹ ẹ́ tán kó tó lọ gbé òṣùwọ̀n rẹ̀, ó ti gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ àga.